Bójúrí, Ajá Tó Ń Bá Mi Jáde

Mubarak, gbé pàṣán yẹn sílẹ̀. Mo ní gbé e sílẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ igbe ajá yẹn láti orí ẹní mi níbí, tí ìwọ náà sì ń lọgun "Jókòó! Jókòó!" mọ́ ọn bí ẹni pé adití ni. Kò dití. Ẹ̀rù rẹ ló ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ẹ̀kọ́ kì í wọ̀ ọ́ létí. Ẹ wá jókòó tì mí, gbogbo yín. Ẹ fi fóònù sápò. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, n ò lè bá yín dé ojúde, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń rìn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo kọ́ ajá rí? Ẹ̀rín lẹ ń fi mí rín yẹn. Ẹ ń sọ nínú yín pé Ìyá Àgbà tí kì í jẹ́ kí ajá fara kan ìró òun, níbo ni òun àti ajá ti pàdé? Ẹ gbọ́ ná.

Inú agbo ilé yìí ni, ní Bẹyẹrúnkà níbí, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ògiri alámọ̀ àti páànù tó ti dípẹtà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà mí lé bàbá yín àgbà lọ́wọ́ ni, ẹ̀hàá ni mo sì wọ̀. Ẹlẹ́hàá tí ẹ̀yin mọ̀ lónìí ń gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, ó ń tajà, ó ń dáhùn fóònù lábẹ́ ìbòjú. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìyẹ̀wù dé ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni ayé mi parí sí. Àlejò ọkùnrin kò gbọdọ̀ rí mi. Ohùn mi kò gbọdọ̀ kọjá ògiri. Bí bàbá yín àgbà kò bá yọ̀ǹda, n kì í yọjú síta, wọn kì í sì í yọ̀ǹda lásán. Ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni pé ìkà ni wọ́n o. Wọ́n ń bọ́ mi, wọ́n ń dáṣọ fún mi, wọn ò nà mí rí. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe sí ọrùn agbádá ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ọ́jà'ba, gbogbo jámáà mọ́ṣáláṣí ló sì ń wò wọ́n bí àwòkọ́ṣe. Bí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń rìn kiri, ẹnu ayé ni yóò pa ọkọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Etí ni mo fi mọ Ìbàdàn nígbà náà. Bí mo bá gbọ́ òòlù alágbẹ̀dẹ, mo mọ̀ pé oòrùn ti yọ. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń kiri ẹ̀kọ gbígbóná kọjá lẹ́yìn ògiri wa. N ò rí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ tí ọ̀fun ń dùn ún, mo sì mọ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ di ohùn àgbàlagbà. Mo mọ mọ́tò tó bá ń gun òkè Mápó, nítorí á máa mí hẹlẹ bí arúgbó. Lọ́jọ́ Òkè'bàdàn, àwọn ọ̀dọ́ á máa kọrin èébú kọjá lẹ́nu ọ̀nà, èmi àti ìyáalé mi á fi etí ìró bo ẹnu, ẹ̀rín á fẹ́ẹ̀ pa wá. Àwọn ló ń jó o, àwa ń ti ẹ̀yìn ògiri gbọ́ ọ. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ti bo gbogbo ohùn wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀.

Ìyáalé mi, ìyẹn ìyàwó tí bàbá yín àgbà kọ́kọ́ fẹ́, Ìyá Ganíyù là ń pè wọ́n. Wọ́n ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń há mọ́lé, nítorí náà àwọn ló ń jáde, àwọn ló ń wọlé, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú sì wà. Èmi ń ṣe kúlíkúlí lẹ́yìnkùlé, àwọn á gbé e lọ fún àwọn alátẹ l'Órítamẹ́rin. Ọlọ́run kò tíì fún mi lọ́mọ. Bí mo bá ti fún òróró ẹ̀pà tán, tí mo ká kúlíkúlí, tí mo dín in, ọ̀sán ò tíì pọ́n, iṣẹ́ ti tán. Ó wá ku èmi àti ògiri.

Ọdẹ kan ń gbé ní agbo ilé tó kángun sí tiwa. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí pín ìbọn rẹ̀, wọ́n pín aṣọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mú ajá rẹ̀. Ajá pupa rẹ́súrẹ́sú kan ni, etí rẹ̀ kan ti ya. Àwọn ọmọ ń sọ ọ́ lókò káàkiri. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbo ẹ̀pà, mo rí ojú rẹ̀ nínú ihò kan tí òjò ti gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Òun ń wá ibi tí yóò gbà wọlé, èmi ń wá ibi tí n ó gbà jáde. Mo ju kúlíkúlí kan sí i. Ó figbe ta, ó sá lọ. Ó rò pé òkò ni.

Ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń lu ni, a kì í fi í bọ́ ni kí ọkàn ẹni balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. N ò ju nǹkan mọ́. Mo ń gbé kúlíkúlí sẹ́nu ihò náà jẹ́ẹ́, n ó sì wọlé. Bí mo bá padà dé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, n kò wọlé mọ́, mo ń jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, mo kọ ẹ̀yìn sí i, kó má baà rò pé mo ń ṣọ́ òun. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń rún un kà-ú kà-ú. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń sún mọ́ ọn. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òjò ti ń lọ sópin lọ́jọ́ tí mo gbọ́ imú tútù kan ní ìka ọwọ́ mi. Mo fẹ́ kígbe ayọ̀. Mo rántí ògiri, mo pa ẹnu mọ́.

Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, mo mọ̀ ọ́n. Àpáàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni mo fi ń bọ́ ọ, kò ré ẹ̀yìnkùlé kọjá, n kì í sì í dúró lórí ìrun láì wẹ ohun tó yẹ kí n wẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Bójúrí: bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Nítorí pé n ò lè gbé ohùn sókè, ṣíbí ni mo fi ń kan ìdí igbá, kó-kó-kó. Gbàrà tó bá yọ lójú ihò, kúlíkúlí á bọ́ sí i lẹ́nu. Kó tó pẹ́, ibi yòówù kó wà, bó bá ti gbọ́ igbá yẹn, eré ni.

Mubarak, bí mo ṣe kọ́ ọ ní ìjókòó nìyí. Mo gbé kúlíkúlí sókè orí rẹ̀. Ó gbójú sókè láti wò ó, ìdí rẹ̀ sì kanlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kíá, mo fún un. N ò dúró kó gbàgbé ohun tó ṣe. Bó bá fò mọ́ mi, mo pa ọwọ́ dé, mo wo ibòmíràn. Kò sí igbe, kò sí pàṣán. Ó ń ronú. Ẹ ò rí i pé ajá máa ń ronú? Yóò dúró, yóò yí orí, yóò tún rọra jókòó, bí ẹni tó ń béèrè pé, "Ṣé èyí lẹ ń wí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo kọ́ ọ kó dúró de oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ títí n ó fi ní ó yá.

Ẹ̀kọ́ yẹn fẹ́ẹ̀ kó bá wa lọ́jọ́ Iléyá. A ti pa àgbò, ọpọ́n ẹran wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èmi ń wẹ ìfun. Bójúrí gba ojú ihò wọlé, ó lọ jókòó síwájú ọpọ́n náà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó bí àlejò tí wọn ò tíì bu oúnjẹ fún, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó ń wojú mi. Ìyá Ganíyù jáde sí wa.

"Háà! Ajá! Ajá nídìí ẹran Iléyá!"

Mo ní, "Ìyáalé, ẹ jọ̀ọ́, kò fẹnu kàn án."

Wọ́n wo ajá, wọ́n wò mí. Mo ní, "Ó tó, máa lọ," ajá dìde, ó gba ihò padà lọ. Ìyá Ganíyù ta gìrì.

"Ó gbọ́ ohun tí o wí?"

"Ó gbọ́."

Wọ́n ní, "N ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ wa bá bi mí, n ò ní purọ́ fún wọn." Wọ́n fa ọpọ́n ẹran sọ́dọ̀ ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí eegun àgbò kan lẹ́nu ihò. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀.

Kúdẹtì ni ìyá mi ń gbé. Orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè gun òkè wá wò mí mọ́. Àbúrò mi obìnrin, Ṣìfáwù, ló ń lọ ló ń bọ̀ láàrin wa. Ṣìfáwù ló dá àbá yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ajá tó ń gbọ́ èdè báyìí, kí ló dé tí kò lè jíṣẹ́?" A fi ẹja gbígbẹ pa ọwọ́ apẹ̀rẹ̀ kékeré kan. Bó bá fimú kàn án, mo fún un ní nǹkan. Bó bá fi eyín mú un, mo fún un. Bó bá gbé e, bó bá gbé e rìn, bó bá gbé e yí ẹ̀yìnkùlé po láì jẹ́ kó bọ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ tó lọ lé alángbá. A ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà Ṣìfáwù ń fi okùn fà á dé Kúdẹtì, ìyá mi á yọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, wọn á fún un ní orí ẹja, wọn á sì tú u sílẹ̀. Á gba ọ̀nà ilé padà, igbá mi á máa dún dè é, á sì wá gba kúlíkúlí tirẹ̀. Ẹ̀san lọ́hùn-ún, ẹ̀san níbí. Nígbà tó di pé Ṣìfáwù lọ sílé ọkọ l'Ógbómọ̀ṣọ́, Bójúrí ti mọ ọ̀nà láìsí okùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù tí ẹ ń rí ojú ẹni tó wà ní Mẹ́kà, ẹ ò lè mọ adùn rẹ̀. N ó fi kúlíkúlí àti ègé aṣọ kékeré ránṣẹ́. Ìyá mi á fi ewé ẹfinrin tàbí orógbó dá a padà. N ó gbé ẹfinrin yẹn símú, n ó sì gbọ́ òórùn ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá yín àgbà ń jẹun, wọ́n ní, "Mo rí ajá kan l'Ọ́jà'ba lónìí tó gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́nu, ó ń lọ bí ìyá ọlọ́jà. Ayé mà ń yí o." Ìyá Ganíyù kọ ojú sí ògiri. Èmi ní, "Sùbùánálàhì." Bí ẹ̀rín ò ṣe pa mí lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ọjọ́ tó burú wá dé. Bàbá yín àgbà ti lọ sí Ìlọrin lórí ọ̀rọ̀ òwò. Ní àárọ̀, mo rán Bójúrí. Ó lọ, ó pẹ́, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ padà bó ṣe gbé e lọ. Kúlíkúlí kò dín, aṣọ tí mo fi bò ó kò ṣí. Mo rò pé ìyá mi jáde. Mo tún rán an. Ó tún gbé e padà bẹ́ẹ̀. Mo na kúlíkúlí sí i, kò gbà á. Ó ń lọ sídìí ihò, ó ń padà, ó ń sunkún nínú ọ̀fun. Mo lọ bá Ìyá Ganíyù lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyáalé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Nǹkan ti ṣe ìyá mi."

"Ta ló wá sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó wá. Ajá gbé apẹ̀rẹ̀ padà, wọn ò tú u."

"Nítorí ajá? O fẹ́ sọ ọkọ wa di ẹlẹ́yà ní gbogbo Bẹyẹrúnkà? Dúró kí wọ́n dé."

"Bí ìyá mi bá kú kí wọ́n tó dé ńkọ́?"

"Kí Ọlọ́run má ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ilẹ̀kùn yìí sí mi níkàáwọ́. N ò ní ṣí i."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ ohun tí à ń pè ní ìhámọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣáájú, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo mú ọmọ odó, mo sì ń fi gún ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn. Amọ̀ ń wó lulẹ̀, Bójúrí ń fi ọwọ́ tirẹ̀ gbẹ́ ẹ láti òdìkejì. Mo ti ki orí bọ̀ ọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Ganíyù lẹ́yìn mi.

"Báyìí lo ṣe fẹ́ lọ? Pẹ̀lú orí lásán?"

Mo fa orí yọ. Ìbòjú dúdú wọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi bò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi sí mi níkàáwọ́. Wọn ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ ihò. Lọ."

Mo gba ihò náà jáde, oòrùn sì gbá mi lójú. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, àárín ògiri ni mo ti ń rí ojú ọ̀run, n ò rántí pé ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ilé, ilé tí mo mọ̀ ti wó. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, ajá ló ń mú mi lọ sílé ìyá mi. Á sáré síwájú, á dúró dè mí, á tún sáré. Ní Ọjà'ba àwọn ènìyàn ń yà fún wa. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ìyàwó ta nìyẹn?" Mo ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, mo ń fò gọ́tà.

Ilé ìyá mi dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo ará ilé ti lọ sọ́jà. Bójúrí gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, mo tẹ̀lé e. Ìyá mi wà nílẹ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀, ẹnu wọn ti wọ́ sí apá kan, ojú wọn là. Wọ́n rí mi. Omi kán lójú wọn kan.

Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ gbà mí o! Ará àdúgbò, ẹ gbà mí!" Gbogbo ohùn tí mo ti kó pamọ́ ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọkùnrin sáré wọlé, àwọn káfíńtà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n fi ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́ gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù. Dókítà ní bí a bá jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ìyá mi yè é. Apá kan ara wọn kò gbọ́ tiwọn mọ́, ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọ́n yè é.

Nígbà tí bàbá yín àgbà dé láti Ìlọrin, òkìkí ti ṣáájú wọn wọlé. Wọ́n pe èmi àti Ìyá Ganíyù. Mo kúnlẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni pé o jáde?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ṣé òótọ́ ni pé ajá lo tẹ̀lé?"

"Òótọ́ ni."

Wọ́n yíjú sí Ìyá Ganíyù. "Ṣé ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀," ni ìyáalé mi wí. Wọn ò purọ́, bí wọ́n ṣe ṣèlérí.

Bàbá yín àgbà yíjú padà sí mi. Wọ́n wá rọra ní, "Ṣé òun ni ajá tí mo rí l'Ọ́jà'ba lọ́jọ́sí?"

"Òun ni, Bàbá."

Mo rí ẹ̀rín tó fẹ́ yọ lójú wọn. Mo sì rí i bí wọ́n ṣe gbé e mì. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. N ò ní bá ọ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ajá ló ń darí ìyàwó mi. Àwọn kan ní àwọn ó fún un ní májèlé bí àwọn bá tún rí i ní agbo ilé yìí. N ó dí ihò náà lọ́la."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má bẹ̀ mí. Bí o bá bẹ̀ mí, n ó gbà fún ọ. Bí mo bá sì gbà, n ò ní lè jókòó láàrin wọn mọ́."

Bíríkìlà dé, ó fi sìmẹ́ǹtì dí i, ó tún gbé ògiri náà ga sí i. Ní ọ̀sán, mo gbọ́ èékánná lára ògiri, kíri-kíri-kíri. Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi, igbá wà lórí itan mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn yóò sì pa á. Ajá kì í fi ohun tó ń mú èrè wá sílẹ̀. Ohun tí kò bá mú nǹkan wá mọ́ ló ń fi sílẹ̀. Mo gbé igbá náà fún Ìyá Ganíyù pé kí wọ́n bá mi gbé e kúrò nítòsí. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń họ, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí mo ṣe fi sùúrù pè é wá náà ni mo fi sùúrù lé e lọ. Èékánná náà ń dín kù. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo jókòó síbẹ̀ títí, òòlù alágbẹ̀dẹ nìkan ni mo gbọ́.

Kúdẹtì ló lọ. Ó lọ dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìyá mi, àwọn ará ilé sì ń fún un ní orí ẹja, nítorí wọ́n ní ó ti san owó oúnjẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí bàbá yín àgbà tó rọ̀. Wọ́n ní mo lè máa lọ wo ìyá mi ní ọjọ́ Jímọ̀, tí Ìyá Ganíyù bá sin mí lọ, tí wọ́n bá sì sin mí bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bójúrí gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà kó tó rí mi. Ó dé bí ìjì, ó sì jókòó gẹ́rẹ́ síwájú mi nínú erùpẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá mi fi ìlàjì ẹnu wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí à ń padà, ó tẹ̀lé wa. Ó bá wa la Ọjà'ba kọjá, ó bá wa rìn títí dé orí kọ̀rọ̀ tó wọ agbo ilé wa. Ibẹ̀ ló dúró sí. Kò gbé ẹsẹ̀ síwájú mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Ganíyù ní, "Má pè é."

Mo ní, "N ò ní pè é."

Ó wò mí díẹ̀. Ó wá yí padà, ó gbé ìrù sókè, ó sì gba ọ̀nà tó wù ú lọ láàrin èrò. Èmi wọlé. Ìyá Ganíyù ti ilẹ̀kùn.